Orúkọ Tó Wà ní Àfikún Kẹta

Ilé Olùkọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ,
Zawngtahtlang,
Mizoram.

Ogúnjọ́ Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2014.

Alága àti Àwọn Ọmọ Ìgbìmọ̀,
Ìgbìmọ̀ Ìwádìí àti Oyè Gíga,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run,
Lungpuikawn,
Mizoram.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ TÍTẸ ÀPILẸ̀KỌ OYÈ MI DÚRÓ, KÍ Ẹ SÌ YỌ ÀFIKÚN KẸTA KÚRÒ NÍNÚ RẸ̀

Èmi Biakthansangi, tí mo gba oyè másítà lọ́dọ̀ yín ní oṣù Kẹta ọdún yìí, ni mo ń kọ ìwé yìí. Ẹ̀yin lẹ fún àpilẹ̀kọ mi ní ẹ̀bùn èyí tó dára jù lọ lọ́dún náà. Ẹ pè mí sórí pèpéle, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo wá ń bẹ̀ yín báyìí pé kí ẹ bá mi pa apá kan nínú rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Mo mọ̀ pé irú ẹ̀bẹ̀ báyìí ṣàjèjì sí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó sọ pé orí mi ti dàrú. Mo sì tún bẹ̀ yín pé kí ẹ má ka lẹ́tà yìí sókè níbi tí akọ̀wé tàbí àlejò bá wà.

Olùtọ́sọ́nà mi nínú ìwádìí náà ni Ẹni Ọ̀wọ̀ Dókítà Thanghmingliana. Àwọn ni wọ́n ní kí n má lọ jìnnà, kí n padà sí abúlé tí wọ́n bí mi sí, kí n wádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń bá ara wọn gbé nínú ìjọ kan náà lẹ́yìn ọdún 1967, nígbà tí àwọn ológun ìjọba tó ń dọdẹ àwọn ọlọ̀tẹ̀ sun àwọn abúlé kéékèèké tí wọ́n sì kó àwọn òbí wa jọ sójú kan. Ìmọ̀ràn rere ni. N kò ní parọ́ mọ́ Dókítà. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi ní èdè Hébérù nínú pálọ̀ wọn, ìyàwó wọn á sì bu oúnjẹ fún mi bí ọmọ tó bí. Nígbà tí ìyá mi wà ní ọsibítù, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀ nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ yìí fi nira fún mi láti sọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, mo lọ bá ìyá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Pi Darthuami, opó tí kò bímọ, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, tí wọn kò sọ ohun kan tó lórí, àfi kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ìbéèrè yín pọ̀ ju irun orí yín lọ. Mu tíì yẹn kó tó di omi odò, jàre." Ìgbà kẹrin ni wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo fi ojú ewé náà láti inú ìwé àkọsílẹ̀ mi mọ́ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ ní ṣókí.

Lọ́dún 1967 yẹn, àwọn ológun to gbogbo ọkùnrin abúlé sórí pápá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mú ọkùnrin kan jáde, wọ́n da àpò bò ó lórí, wọ́n gé ihò méjì síbi ojú. Ẹni tó bá nawọ́ sí pé ó ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ń kó. Ó nawọ́ sí Lalbuanga, ọkọ Pi Darthuami. Wọ́n mú un lọ, kò padà wá títí dòní, a kò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Pi Darthuami kò rí ojú ẹni tó nawọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí apá aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi fúnra mi ni mo lẹ aṣọ yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Òwú tí mo tú lára ìró mi ni mo fi rán an. Àpọ́n ni nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, kò sẹ́ni tí yóò bá a rán an." Ẹni náà ni bàbá tí gbogbo wa ń pè ní Pu Hrangdula, tó padà di alàgbà ìjọ wa, tó sì kú lọ́dún 1991.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n bínú. Wọ́n ní: "Wọ́n ti lu òun náà kó tó wọ àpò yẹn. Mo rí bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀. Ta ni màá wá bínú sí? Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ń gbé igi ìdáná wá sẹ́nu ọ̀nà mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé mo mọ̀." Ẹ̀yin Ọ̀gá, àwọn àgbà ní kí á gbé ẹ̀jẹ̀ mì, kí á tu itọ́ funfun jáde. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú rí ẹni tó ṣe é. Omi ń dà lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní òfin kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Kọ ọ́ sínú ìwé ẹ, ọmọ mi, torí ó yẹ kẹ́nì kan mọ̀ pé Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí Saikungi bá ṣì wà láyé, kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọkọ rere ló fẹ́. Má gba ọkọ rere lọ́wọ́ ẹ̀." Mo ṣèlérí. Mo fi ọwọ́ mi sínú ọwọ́ wọn, mo sì ṣèlérí.

Pi Saikungi ni opó Pu Hrangdula. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n lónìí. Ilé wọn àti ti Pi Darthuami kọjú síra, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló wà láàárín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni àwọn ìyá méjèèjì ti ń mu tíì pọ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ní pẹpẹ ìta ilé Pi Saikungi, pẹ̀lú ìṣù ṣúgà pupa kan tí wọ́n ń pín sí méjì. Gbogbo abúlé ló mọ̀ wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, èkejì ni yóò gbé tíì kọjá ọ̀nà lọ fún un.

Nígbà tí mo kọ orí kẹrin àpilẹ̀kọ náà, "Ìyá A" ni mo pe Pi Darthuami, mo sì pe Pu Hrangdula ní "Ọkùnrin B". Dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, "Ṣé iwin ni Ìyá A, àbí èèyàn? Bó bá jẹ́ èèyàn, ó lórúkọ." Mo lọ ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pé kí orúkọ, ọjọ́ orí àti abúlé gbogbo ẹni tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò wà ní Àfikún Kẹta, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, àti pé olùdánwò tó ń bọ̀ láti ìta kò ní gba ẹlẹ́rìí tí kò lórúkọ. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ sí orí kẹrin báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí àyè ìfisílẹ̀ parí. Oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni, òjò ti ya òkè lulẹ̀ sórí ọ̀nà Zawngtahtlang, mọ́tò kankan kò lè kọjá. Fóònù kan ṣoṣo tó wà nítòsí Pi Darthuami, inú ilé Pi Saikungi ló wà. Ta ni kí n pè? Kí ni kí n ní kí wọ́n bá mi sọ?

Mo tẹ orúkọ méjèèjì síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyí, n kò ní dà á lé ẹlòmíràn lórí. Mo bá ara mi rò ó pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìwé, pé ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò jókòó sí kí eruku máa bò ó, pé ìyá arúgbó wo ní Zawngtahtlang ni yóò wá ka àpilẹ̀kọ oyè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ yín la máa ń rò bẹ́ẹ̀. A máa ń kọ nípa àwọn ìyá wa ní èdè tí wọn kò gbọ́, a ó sì gbà pé wọn kò ní mọ̀ láé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà, mo sì ṣí ọwọ́ mi sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ fún mi ní ẹ̀bùn, Dókítà sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé àwọn ti ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ náà sí èdè Mizo fúnra wọn, láti fi ṣe ìwé fún àjọ̀dún ọdún márùndínlọ́gọ́rin tí wọ́n dá ìjọ Zawngtahtlang sílẹ̀. Wọn kò bi mí. Olùtọ́sọ́nà kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, oore ni wọ́n kà á sí. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìwé tí a bá fẹ́ fi lọ́lẹ̀ nínú ìjọ kan, ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ìjọ náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á. Ní oṣù Kẹrin, Dókítà fi ìtumọ̀ orí kẹrin àti Àfikún Kẹta ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ wa. Akọ̀wé náà ni Alàgbà Thanseia. Ọmọ Pu Hrangdula àti Pi Saikungi ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí ìwé náà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, Alàgbà Thanseia wọ ilé Pi Darthuami. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn ṣa ìrẹsì. Alàgbà kò jókòó. Wọ́n na ìwé náà sí Pi Darthuami. "Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ fi jókòó ti tábìlì wa, Pi. Ẹ mu tíì wa. Ẹ jókòó ti òkú bàbá mi, ẹ kọrin. Ṣé èyí lẹ wá ń tọ́jú sínú fún wa?" Pi Darthuami wò mí. Ẹ̀yin Ọ̀gá, wọn kò bú mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Wọ́n kàn ní, "Sangi, o kọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá yíjú sí Alàgbà, wọ́n ní, "Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣó ti gbọ́?" Alàgbà ní rárá, kò sì ní gbọ́, nítorí náà kí Pi Darthuami má ṣe tẹ pẹpẹ ilé àwọn mọ́, kí ojú wọn má baà sọ ohun tí ẹnu wọn kò sọ. Pi Darthuami ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Mi ò ní wá mọ́."

Wọn kò sì lọ mọ́. Bí Pi Saikungi bá pè wọ́n láti òdìkejì, wọ́n á ní ara àwọn kò yá, tàbí kí wọ́n wọlé. Oṣù mẹ́rin àtààbọ̀ nìyẹn. Mo máa ń gbé tíì lọ fún wọn, wọn kì í mu ju ẹnu kan lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án, Pi Darthuami kú, ẹni ọgọ́rin ọdún. Àyà ni nọ́ọ̀sì ìlera abúlé kọ sínú ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin wọ́n dáadáa. Alàgbà Thanseia ló gbé ìdí pósí, wọ́n sì ń sunkún.

Gbogbo abúlé jókòó nílé òkú bí a ti ń ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Pi Saikungi wá jókòó tì mí. Ojú wọn ti ń ṣú, nítorí náà wọ́n di apá mi mú kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n ní, "Sangi, ìwọ lo sún mọ́ ọn. Kí ni mo ṣe fún Thuami? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé omi tíì kaná, màá bu kọ́ọ̀pù méjì, màá tún da ọ̀kan padà. Àbí mo sọ̀rọ̀ kan tó dùn ún? Arúgbó ni mí, mo lè ti gbàgbé. Sọ fún mi, kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo ní wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní, "Èèyàn kì í ṣàdédé bínú síni, jàre."  Oyè másítà nínú ẹ̀kọ́ ìdáríjì ni mo ní, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ fún ìyá arúgbó.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, mo lọ bá Dókítà nílé wọn ní Lungpuikawn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ Àfikún Kẹta, kí wọ́n sì dá "Ìyá A" padà sínú orí kẹrin. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ sunkún nígbà tí mo sọ ti kọ́ọ̀pù méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Sangi, ìdáríjì tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, báwo ni ìjọ ṣe máa kọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ abúlé ló ní irú àpò yẹn nínú ilé wọn. Bí ẹnì kan ò bá kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀, gbogbo wa la máa kú sínú ẹ̀." Mo ní Pi Saikungi kò bẹ̀ wá pé ká ṣí i. Wọ́n ní, "Òtítọ́ kì í pa onígbàgbọ́." Wọ́n fi ètò ìfilọ́lẹ̀ ìwé hàn mí, tí yóò wáyé ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Wọn yóò ka orí kẹrin sókè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pe Pi Saikungi síwájú láti gba ẹ̀dà àkọ́kọ́, kí ọmọ àbúrò Pi Darthuami wá gbá wọn mọ́ra lójú gbogbo ìjọ. Dókítà gbà pé ohun mímọ́ ni yóò jẹ́, mo sì mọ̀ pé tọkàntọkàn ni wọ́n fi gbà á gbọ́. Wọ́n lè jàre mi nínú ẹ̀kọ́, n kò lè bá wọn du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiwọn, kì í sì í ṣe tèmi. Ti Pi Darthuami ni, wọ́n sì ti sọ ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ dúró dà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ẹ fi àṣẹ ìgbìmọ̀ yín dá títẹ ìwé náà dúró kí oṣù yìí tó parí, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ẹ̀tọ́ sí àpilẹ̀kọ, Dókítà kò sì lè tẹ̀ ẹ́ láìsí ìwé àṣẹ yín. Kí ẹ yọ Àfikún Kẹta kúrò nínú ẹ̀dà tó wà ní ilé ìkàwé, kí ẹ sì tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ kò ti ní tó o, ó kéré tán títí Pi Saikungi yóò fi sùn. Bí ẹ bá sọ pé àpilẹ̀kọ náà kò lè dúró láìsí àfikún náà, a jẹ́ pé kò dúró nìyẹn. Ẹ gba oyè náà padà. Ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ̀dà kọ́, ojúlówó ni.

Mo tún ń bẹ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ran tèmi lọ́wọ́ mọ́, pé kí ẹ ṣàtúnṣe òfin tó ní kí gbogbo ẹlẹ́rìí lórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Bí bàbá ni olùtọ́sọ́nà rí, láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbẹ́sẹ̀, kò sì sí ọ́fíìsì kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ sọ pé, "Bàbá mi ń fẹ́ kí n yẹ ìlérí." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ló wà lábẹ́ Dókítà nìkan lónìí, tí wọ́n ń lọ káàkiri abúlé tí wọ́n ń bá àwọn arúgbó jókòó. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ṣèlérí.

Alàgbà Thanseia mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Wọn kò fọwọ́ sí i, wọn kò sì ní kí n má kọ ọ́. Wọ́n ti kúrò ní ipò akọ̀wé, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ìgbìmọ̀, nítorí bí wọ́n bá sọ ọ́, ohun tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n sọ yẹn. Àwọn alàgbà tó kù ti fọwọ́ sí ìwé náà. Àwọn kan nínú wọn ti ka Àfikún Kẹta. Mo ń rí i lójú wọn nígbà tí Pi Saikungi bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Omi kan ti dànù, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Ẹ bá wa di agbè mú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n kéde ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà nínú ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí a jáde, Pi Saikungi ń wá mi káàkiri àgbàlá, inú wọn sì ń dùn. N kò rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Pi Darthuami ti kú. Wọ́n ti gbọ́ pé orúkọ ọkọ wọn wà nínú ìwé. Wọ́n ní, "Ojú mi ò lè kàwé mọ́, ìwọ lo sì kọ ọ́. Bó bá ti jáde, kó o wá kà á fún mi. Ibi tí orúkọ ọkọ mi wà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á, mo sì ń retí èsì yín kí oṣù tó parí.

Èmi ni tiyín ní ìrẹ̀lẹ̀,

Biakthansangi,
Olùkọ́, Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ, Zawngtahtlang;
Akẹ́kọ̀ọ́jáde yín, bí ẹ bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀.